Sẹ́nsọ̀ Ni Sẹ́nsọ̀? Èmi Ò Gbà!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ mi níbí, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀. Ohun tójú mi rí ní àgbàlá fítà kan, ìyẹn mẹkáníìkì, ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ Abossey Okai ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri lọ́nà tiwọn. Wọ́n ní mo dójú ti màsítà, ọ̀gá àgbàlá náà, níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọjà ni mò ń wá. Ó dáa. Ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé sẹ́nsọ̀ ọkọ̀ ni mò ń tà. Home use ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ rí lókè òkun. Ọdún kọkànlá tí mo ti wà nídìí rẹ̀ rèé. Àwọn fítà ń pè mí ní Maame Sensor, àwa Yorùbá tó wà lọ́jà ń pè mí ní Ìyá Mùínà. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, níbí ní Accra. Ṣùgbọ́n mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ nǹkan sí. Ohun tó bá ti wọ inú ìwé yẹn, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ọ́.

Mùínà, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Òun nìkan ni mo bí. Ẹ sì ti mọ irú ìyá tí mo jẹ́! Bí bọ́ọ̀sì iléèwé bá gbé e níwájú ilé wa láago mẹ́fà àárọ̀, mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùndínlógójì ló yẹ kó fi dé iléèwé. Bó bá di ogójì, ọwọ́ mi á ti wà lórí fóònù. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ mi lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ogójì ìṣẹ́jú kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo pe awakọ̀, Bra Yaw. Ó ní ẹ́ńjìnnì ló kàn kú lójijì ní Lapaz, ní àárín títì. Ó ní kí n má mikàn, bó bá sinmi tán, á ṣí.

Àárín títì! Ṣé ẹ mọ títì tó gba Lapaz kọjá yẹn? Ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já bọ̀ bíi pé ẹnì kan ń lé wọn? Ọmọ mẹ́tàlá ló wà nínú bọ́ọ̀sì náà, ọmọ mi sì jẹ́ ọ̀kan. Mo jókòó sórí àpótí níbi tí mo wà.

Lóòótọ́, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ọkọ̀ ṣí bí ẹni pé kò ṣe é rí. Wọ́n dé iléèwé. Gbogbo èèyàn gbàgbé.

Èmi ò gbàgbé o. Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún kú. Ibẹ̀ náà ni, ó kù díẹ̀ kó dé oríta Lapaz. Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó kú lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tó ń gbé wọn bọ̀ wálé. Mo mú ìwé mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Èkejì, ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀kẹta, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún, oòrùn ọ̀sán sì mú gan-an lọ́jọ́ náà. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó bá ti sinmi, tó tutù, á ṣí.

Ẹ̀yin náà, kí ni ìyẹn ń sọ fún yín? Ohun tó ń kú nígbà tó bá gbóná, tó ń jí nígbà tó bá tutù! Ẹni tó ti ta sẹ́nsọ̀ fún ọdún mọ́kànlá kò lè gbọ́ irú èyí kó má ta gìrì.

Nínú ẹ́ńjìnnì, sẹ́nsọ̀ kan wà tó ń ka eyín àgbá irin tó ń yí. Kíkà yẹn ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó ju iná, kó sì fún ẹ́ńjìnnì ní epo. Bí sẹ́nsọ̀ yẹn bá ṣíwọ́ kíkà, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀. Kò ní kọ́kọ́ wúkọ́, kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwa ń pè é ní sẹ́nsọ̀ kíránkì.

Mo gba Abossey Okai lọ bá màsítà tó ń tún bọ́ọ̀sì náà ṣe. Màsítà Kweku ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tó sanra, tó sì máa ń ṣàwàdà. Mo kí i dáadáa. Mo béèrè bóyá ó ti yẹ sẹ́nsọ̀ wò.

Ó ní, "Maame Sensor, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kàn án, ó dáhùn."

Mo ní, "Sẹ́nsọ̀ wo?"

Ó yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Ó ní sẹ́nsọ̀ wo. Sẹ́nsọ̀ ni sẹ́nsọ̀!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní bóyá mo fẹ́ kí àwọn tún ra òmíràn lọ́wọ́ mi ni. Màsítà ní ẹ̀yin Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ẹ ò lè rí ọkọ̀ tó kú kí ẹ má rí ọjà níbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Nítorí pé mò ń ta sẹ́nsọ̀, mi ò tún gbọdọ̀ sọ pé sẹ́nsọ̀ ló bà jẹ́? Ṣé ẹni tó ń ta oògùn kò gbọdọ̀ sọ pé ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná ni?

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní kíkàn, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìjà wà.

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Abossey Okai, bí a ṣe ń yẹ sẹ́nsọ̀ wò láti ayébáyé nìyí: a ó so wáyà mítà mọ́ ọn, a ó fi sípánà kékeré kàn án lórí, kó, kó, kó. Bí ọwọ́ mítà bá fò, a ó ní ó dáhùn, ó wà láàyè. Bí kò bá fò, òkú ni. Ẹni tó kọ́ mi ní ọjà kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Èmi náà sì ń kàn wọ́n. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kan gbogbo sẹ́nsọ̀ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tí kò bá dáhùn, mò ń jù ú sínú abọ́ ńlá kan. Nígbà tí abọ́ kún, mo kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ̀m kiri, àwọn tó ń ra irin tí kò wúlò mọ́.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan báyìí, Madam Efua, wá ra nǹkan lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń tún àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣe ní ilé iṣẹ́ kan. Ó bá mi níbi tí mo ti ń kan sẹ́nsọ̀ kíránkì, kó, kó, kó. Ó béèrè pé kí ni mò ń ṣe fún un. Mo ní mò ń kàn án kó lè dáhùn ni. Ẹ̀rín pa obìnrin yìí débi pé ó fi ọwọ́ di kántà mú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò mọ̀ pé ẹ̀ ń kan òun. Hall ni."

Mo ní gbọ̀ngàn wo? Àní mo rò pé họ́ọ̀lù tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé ló ń sọ! Ó ní rárá, orúkọ èèyàn ni, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rí bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó wá jókòó, ó sì kọ́ mi. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi. Ojú ìwé mẹ́rin ni.

Ó ní oríṣi méjì tí mò ń dà pọ̀ mọ́ra wọn nìyí. Èkíní ni wọ́n ń pè ní piezo. Ohun kan bí òkúta ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí ẹ gbá a, òun fúnra rẹ̀ á mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde. Kò nílò bátìrì. Ṣé ẹ mọ ohun tí a fi ń tan sítóòfù gáàsì, èyí tí a máa ń tẹ̀ tó ń dún kẹ́? Inú rẹ̀ kò ní bátìrì, àbí? Òkúta yẹn náà ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó gbá ara rẹ̀, iná ta. Sẹ́nsọ̀ piezo tó wà nínú ọkọ̀, ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń dè é mọ́. Etí ni. Ó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ń kàn nínú lọ́nà tí kò dára, ó sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà. Ó mọ ìkàn, ó mọ gbígbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ẹrù lé e, tí ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, iná tó mú jáde á rọra ṣá. Nítorí náà, kò ṣeé fi wọn ohun tó kàn jókòó sójú kan. Ìdí nìyẹn tí kíkàn fi bá òun mu.

Èkejì ni Hall. Òun ò mọ ìkàn rárá. Mágínẹ́ẹ̀tì ló mọ̀.

Madam Efua ní kí n fojú inú wo ọ̀nà tóóró kan nínú ọjà Odawna. Èèyàn ń wọ́ gba ibẹ̀ kọjá láti òpin kan dé òpin kejì. Àwọn èèyàn yẹn ni iná mànàmáná tó ń gba inú sẹ́nsọ̀ kọjá. Òjò wá dé, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ wọlé láti apá òsì. Kí ni àwọn èèyàn á ṣe? Wọ́n ṣì ń lọ síwájú, ṣùgbọ́n wọ́n á rọ́ sí apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún á kún, apá òsì á ṣófo. Mágínẹ́ẹ̀tì ni òjò yẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá tó kún àti apá tó ṣófo, òun ni sẹ́nsọ̀ ń wọ̀n. Bí agbára mágínẹ́ẹ̀tì bá ṣe pọ̀ tó ni ìyàtọ̀ náà ṣe ń pọ̀ tó.

Mo ní, bí kò bá wá sí èèyàn kankan lójú ọ̀nà ńkọ́? Ó ní ìbéèrè gidi nìyẹn! Kí òjò máa rọ̀ títí di ọ̀la, ta ni yóò rọ́ sí apá ọ̀tún? Kò sí! Ìdí nìyẹn tí Hall kò fi lè ṣe nǹkan kan bí ẹ kò bá fún un ní iná. Wáyà mẹ́ta ló máa ń ní: ọ̀kan fún iná tó ń wọlé, ọ̀kan fún iná tó ń padà, ọ̀kan fún èsì. Bí eyín irin bá kọjá níwájú rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára, èsì á yí padà. Ẹ máa kàn án láìsí iná títí sípánà á fi tẹ̀, kò ní dá yín lóhùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Abọ́ ńlá tí mo kó fún àwọn oníkọ́ńdẹ̀m, odindi ọjà tó ń mí ni! Èmi fúnra mi ni mo pè wọ́n ní òkú. Látìgbà náà, mi ò kan ohunkóhun mọ́ láìkọ́kọ́ béèrè pé ta ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Màsítà. Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, àbí? Sẹ́nsọ̀ tó kàn, tó dáhùn, piezo ni, etí ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kan ìyẹn! Ó wá lọ bá madam tó ni iléèwé, ó ní "sẹ́nsọ̀" wà láàyè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, sẹ́nsọ̀, ló fẹ́ pa ọmọ mẹ́tàlá.

Mo kọ ọ́ sí orí WhatsApp àwọn òbí. Mo kọ ọ́ ní nọ́ńbà kìíní, ìkejì, ìkẹta, pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú. Kí ni mo rí gbà? Ẹnì kan fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Ẹnì kan ní Maame Sensor ti ń polówó. Madam iléèwé pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní bí mi ò bá fọkàn tán bọ́ọ̀sì òun, kí n máa fi ọkọ̀ tèmi gbé ọmọ mi.

Mo ní ẹ ṣé. Láti ọjọ́ kejì, èmi àti Mùínà bẹ̀rẹ̀ sí wọ trotro, ọkọ̀ èrò. Aago márùn-ún ààbọ̀ là ń jáde. Ọmọ náà ń bínú. Kì í bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà, Gẹ̀ẹ́sì àti Twi nìkan ló fi ń dá mi lóhùn, "okay", "yoo", kó tún wo ìta. Èmi ò kọ̀. Kó bínú, kó wà láàyè.

Ní ọjọ́ kẹta, a wà nínú trotro ní Lapaz. Bọ́ọ̀sì iléèwé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àwọn ọmọ ń juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé. Mùínà juwọ́ padà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó sì sọ Yorùbá, Yorùbá tí kì í fẹ́ sọ.

"Mọ́mì, Àdízà ńkọ́? Àdízà wà nínú ẹ̀. Ṣé ẹ ò ní mú òun náà bọ́ọ́lẹ̀?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ bá mi wí. Àdízà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ìyá rẹ̀ ń dáná tà, kò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láti máa bá ọmọ wọ trotro. Mo ti mú tèmi jáde, mo sì fẹ́ gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ojú tì mí níwájú ọmọ tí mo bí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ bá Bra Yaw níbi tó máa ń páàkì sí. Mo rò pé òun náà á bú mi ni. Ó wò yí ká, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Maame, èmi ni mò ń wà á. Tí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọ lù wá, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó?" Ó ní òun á gbé bọ́ọ̀sì náà wá sí àgbàlá Màsítà ní Sátidé, kí n wá ṣe ohun tí mo bá fẹ́ ṣe. Ó ní òun á sọ fún madam náà kó wá.

Sátidé dé. Mo kó ẹrù mi sínú báàgì: ṣájà fóònù tí mo gé wáyà rẹ̀, torí iná fóltì márùn-ún ló ń mú jáde, ìyẹn sì ni sẹ́nsọ̀ náà ń lò, iná pupa kékeré kan tí mo so rẹ́sísítọ̀ mọ́ kó má bàa jó, mítà, sípánà, aago, ìwé mi. Mo dé ibẹ̀, ó kún! Madam iléèwé wà lórí àga. Ìyá Àdízà wá pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù lára. Àwọn fítà àgbàlá kejì náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wòran Anago tó fẹ́ kọ́ màsítà níṣẹ́.

Màsítà ní, "Professor, ẹ káàbọ̀. Yunifásítì Legon lẹ ti ń bọ̀ ni?"

Mo ní, "Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Màsítà, ẹ tú sẹ́nsọ̀ kíránkì fún mi."

Wọ́n tú u. Mo ní kí Màsítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, bó ṣe máa ń ṣe. Ó so mítà mọ́ ọn, ó kàn án. Ọwọ́ mítà kò mira. Ó tún kàn án. Kò dáhùn.

Mo ní, "Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

Ó ní, "Ó ti kú."

"Ó ti kú?" Mo yíjú sí gbogbo èèyàn. "Bra Yaw, báwo lẹ ṣe gbé ọkọ̀ yìí dé ibí láàárọ̀ yìí?"

Bra Yaw ní òun wà á wá ni.

Mo ní, "Ṣé òkú ló wakọ̀ wá síbí, Màsítà?"

Ìyá Àdízà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Màsítà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ẹ̀rù ń bà mí o! Ẹ má rò pé mo lágbára.

Mo so wáyà mẹ́ta mọ́ ṣájà àti iná pupa. Mo gbé sípánà kọjá níwájú sẹ́nsọ̀, láì fara kàn án. Iná tàn. Mo gbé e kúrò, iná kú. Mo gbé e wá, ó tàn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Màsítà pariwo ní Twi: "Ɛyɛ adwuma!" Ó ń ṣiṣẹ́!

Ojú Màsítà là. Ó ní, "Àbí ẹ ò rí i? Ó ń ṣiṣẹ́! Kí lo wá ń yọ wá lẹ́nu sí?"

Mo ní, "Ó tutù ni. Ṣé nígbà tó tutù ló ń kú?"

Mo sọdá lọ bá obìnrin onídìrí tó wà ní òdìkejì, mo yá dráyà tó fi ń gbẹ irun. Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rín! Ẹnì kan ní kí n má gbàgbé láti di ṣúkú fún sẹ́nsọ̀ náà. Mo tan dráyà, mo gbé e sí ojú ibi tó gbóná jù, mo kọjú rẹ̀ sí sẹ́nsọ̀. Bra Yaw ń gbé sípánà lọ, ó ń gbé e bọ̀. Èmi ń wo aago.

Ìṣẹ́jú kan. Iná ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn.

Ìṣẹ́jú méjì. Ó ṣì ń tàn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Madam iléèwé wo aago rẹ̀. Àwọn fítà kan ti ń padà sídìí iṣẹ́. Màsítà ní, "Maame, gyae, fi sílẹ̀. Irun ẹ ti gbẹ." Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ wọn gan-an. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mò ń sọ nínú mi pé, Ọlọ́run, bóyá mo ṣìnà, bóyá wáyà ibòmíràn ló ń já. Bí mo bá ṣìnà, kò sí ẹni tó máa gbọ́ tèmi mọ́, àwọn ọmọ yẹn á sì wọ bọ́ọ̀sì náà láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Apá ń ro mí. Mi ò sọ dráyà kalẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìdajì. Bra Yaw gbé sípánà kọjá. Iná ò tàn.

Ó tún gbé e kọjá. Iná ò tàn.

Ó gbé e lọ, ó gbé e bọ̀, bí ẹni ń fi aṣọ nu tábìlì. Dúdú!

Ariwo dráyà nìkan là ń gbọ́. Mo pa á. Mo ní kí gbogbo wa dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, tí sẹ́nsọ̀ ti tutù, Bra Yaw gbé sípánà kọjá. Iná tàn.

Ìyá Àdízà kígbe, "Yéè!" Ó gbá orí mú. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀sì náà ń ṣe.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti là nínú rẹ̀. Bó bá gbóná, á wú, ibi tó là á ṣí, iná ò ní lè kọjá mọ́. Kò sí èèyàn lójú ọ̀nà Odawna mọ́. Bó bá tutù, á tún pàdé.

Màsítà yọ fìlà. Mo gbọdọ̀ sọ òtítọ́, ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i wò. Ó wá ní, "Ó dáa, Maame Sensor. O ti borí. Mú tìrẹ wá, ká fi sí i."

Mo ní rárá.

Madam iléèwé ní kí ni mo sọ? Mo ní mi ò ní tà á fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní i. Mẹ́rin wà lórí pẹpẹ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjà ni mò ń wá, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Wọ́n kọ ọ́ sí WhatsApp. Ó dáa, ẹ lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èmi á bá yín lọ, n ó sì gbé dráyà dání.

A lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àlàájì Lásísì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí òun náà ń ta home use. Mo ní kó gbé sẹ́nsọ̀ kíránkì mẹ́ta wá, mo sì tan dráyà lé wọn lórí.

Àlàájì pariwo, "Ìyá Mùínà! Kí ni mo ṣe fún ẹ? O fẹ́ dín ọjà mi?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Àlàájì. Èyí tí kò bá lè fara da dráyà, báwo ló ṣe máa fara da ẹ́ńjìnnì?"

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan kú. Méjì kò yẹ̀. Wọ́n ra ọ̀kan nínú àwọn méjì náà, Màsítà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é.

Ní Ọjọ́ Ajé, Mùínà padà sínú bọ́ọ̀sì. Èmi náà wọ̀ ọ́! Mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, aago lọ́wọ́, orúnkún mi ń kan àyà mi. Ojú ti ọmọ náà débi tó fi bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì. Ogún ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. A dé Lapaz. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ń bọ̀ lẹ́yìn wa, mo di irin àga mú. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. A kọjá oríta. Ẹ́ńjìnnì ń dún geere.

Mùínà yọ orí láti ẹ̀gbẹ́ Àdízà níwájú, ó wẹ̀yìn. Ó ní, ní Yorùbá, kí gbogbo bọ́ọ̀sì gbọ́: "Mọ́mì, ẹ lè mí báyìí."

Mo mí. Àlùhámúdúlílàhì. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbà pé ó tó.

Kí ni mo rí kọ́? Pé kíkàn tó bá ohun kan mu lè sọ ohun mìíràn tó wà láàyè di òkú, ó sì lè jẹ́ kí òkú gba orúkọ alààyè. Pé ká béèrè orúkọ nǹkan kí a tó dá a lẹ́jọ́. Àti pé bí o bá mọ nǹkan nítorí pé ìdí rẹ̀ lo ti ń jẹun, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn pa ẹ́ lẹ́nu mọ́. Ìdí rẹ̀ gan-an lo fi mọ̀ ọ́n! Bí wọ́n bá ní owó lò ń wá, má tà á fún wọn, ṣùgbọ́n má dákẹ́.

Wọ́n sọ fún mi pé dráyà kan ti wà lára ògiri Màsítà Kweku báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn sípánà. Mi ò tíì lọ wò ó. Màá lọ.

Ó wá ku ẹ̀yin. Ta ni wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín rí nínú yín, tó padà wá já sí pé òun ló tọ̀nà? Òbí wo ló ti mú ọmọ tirẹ̀ jáde, tó wá rántí ọmọ ẹlòmíràn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá ka gbogbo rẹ̀, ẹ mọ̀ mí. Ẹni tó bá sì fẹ́ wá sọ fún mi pé ó yẹ kí n ti dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ààyè wà fún òun náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó kọ́kọ́ dáhùn fún mi: sẹ́nsọ̀ wo?